Ìró Ẹ̀rọ Lọ́jọ́ Ìpàdé

Àwọn kan ń di alága ìgbìmọ̀ nítorí ọgbọ́n, àwọn kan nítorí ọjọ́ orí, àwọn kan sì nítorí pé wọn ò wá sípàdé lọ́jọ́ tí wọ́n pín iṣẹ́. Ní ti Ìdíátù, ìbéèrè ló sọ ọ́ di alága ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn nínú Ẹgbẹ́ Aránṣọ, ẹ̀ka Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ọdún méje sẹ́yìn, wọ́n ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣù tó kọjá, ó nawọ́, ó bèèrè nǹkan kan. Kí wọ́n tó dáhùn ìyẹn, ó ti bèèrè òmíràn. Nígbà tó kan ìbéèrè kẹtàdínlógún, ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wá iṣẹ́ fún obìnrin yìí, kó lè máa lọ bi àwọn tó bá ṣẹ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ìyà làwọn fi jẹ ẹ́. Ìdíátù rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé láwàní oyè fún.

Kì í ṣe pé ó ń wá ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Láti kékeré, ní Mushin níbi tí bàbá rẹ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń kan àga, ohun tí kò bá rí inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó sùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó tú apá aṣọ Iléyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àráfà, kó lè rí ohun tó mú èjìká rẹ̀ wú. Aṣọ ọdún tó kọjá ló fi kírun lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ sì wú ju èjìká aṣọ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé kan ládùúgbò tó mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ tuntun bíi tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ yìí á di lọ́yà tàbí kó di olè. Ó di télọ̀, iṣẹ́ tó wà láàárín méjèèjì.

Nígbà tó dàgbà, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan wá tọrọ rẹ̀. Kó tó mu mínírà tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ débi kan, Ìdíátù ti bi í ìdí tí ìka rẹ̀ kan fi funfun yíká bí ibi tí wọ́n ti bọ́ òrùka. Ọkùnrin náà fi mínírà sílẹ̀. Abdulmuiz tó padà fẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan: ó máa ń dáhùn ìbéèrè títí ìbéèrè á fi tán. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti wà pọ̀, ìbéèrè ò tíì tán.

Bí ó ṣe ń gbọ́ ẹ̀sùn nìyí. Ó ní ìwé àjákọ gígùn kan. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀sùn tí kò bá ní orúkọ, Ìdíátù á kà á dáadáa, torí pé kò lè ṣe kó má kà á, lẹ́yìn náà á ya á. Á wá bi olùfisùn ní ohun mẹ́ta: kí lo rí tàbí gbọ́, ibo lo dúró sí, aago mélòó ni? Á yà yín lẹ́nu bí ẹ̀sùn ṣe máa ń kú sórí ìkejì. Arábìnrin kan tó ní òun rí ọmọ ẹgbẹ́ tó ń fa oníbàárà òun láṣọ wọlé, nígbà tí wọ́n bi í pé ibo ló dúró sí, ó hàn pé apá kejì aṣọ oníbàárà kan náà ló dì mú.

Òfin ẹgbẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ lórí ni ìkẹrìnlá. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, ẹ̀rọ kan kò gbọdọ̀ dún ní gbogbo ẹ̀ka, àyàfi bí alága ẹgbẹ́ bá yọ̀ǹda. Ẹni tó bá rú u, wọ́n á gba orí ẹ̀rọ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kì í ṣe télọ̀ lè má mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ àti pákó rẹ̀ kò ju tábìlì lọ. Orí rẹ̀, níbi tí abẹ́rẹ́ wà, ni ẹ̀rọ gan-an. Ẹgbẹ́ kì í na èèyàn, wọn kì í sì í ti ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni pa. Wọ́n á kàn fi ìwọ̀nba ọ̀wọ̀ tú orí ẹ̀rọ rẹ, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá ẹgbẹ́, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí o lè rí ibi gbé oúnjẹ lé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, ẹ̀sùn kan wọlé. Àkàngbé ló kọ ọ́, bàbá arúgbó tó ń rán agbádá, tó sì ti kọ́ ìdajì ẹgbẹ́ náà níṣẹ́. Ẹni tó fi sùn ni Fúnlọ́lá, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó ń rán búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí. Ó ní ẹ̀rọ Fúnlọ́lá dún lọ́jọ́ ìpàdé.

Ìdíátù gba ṣọ́ọ̀bù bàbá náà lọ. Bàbá ní òun kò rí Fúnlọ́lá o, ilẹ̀kùn wà ní títì, ṣùgbọ́n òun gbọ́.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ pọ̀ ládùúgbò yẹn. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tirẹ̀ ni?"

"Ta ló fún un ní ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tó gba fíríìdọ̀mù? Ó ní ikọ́ kan láyà. Bí mo bá wà ní Ojúẹlẹ́gba tó bá wúkọ́ níbí, màá mọ̀ ọ́n."

"Aago mélòó lẹ gbọ́ ọ?"

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ìpàdé tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá géérégé?"

Bàbá wo àjà. Ó ní ẹsẹ̀ àgbà kì í bá aago sáré. Ìdíátù kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní kí bàbá fi ẹnu ṣe é bí ẹ̀rọ náà ṣe dún. Àkàngbé rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín ni, ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ni bàbá ẹni àádọ́rin ọdún bá ń fi ètè ṣe ẹ̀rọ. Ó sáré díẹ̀, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún sáré lórí ibi kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó parí.

Ìdíátù dúpẹ́, ó sì kọjá sọ́dọ̀ Fúnlọ́lá. Ọmọbìnrin náà kò jiyàn.

"Mo rán nǹkan, Àǹtí. Mi ò ní purọ́ fún yín."

"Kí lo rán?"

Fúnlọ́lá tẹ̀ba, ó ń ṣa òwú nílẹ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Òfin kẹsàn-án, Àǹtí."

Ìdíátù gbé bírò sílẹ̀, ohun tí kì í sábà ṣe. Òfin kẹsàn-án sọ pé aránṣọ kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun tó bá wọ̀n tàbí tó bá rí lára oníbàárà fún ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ọkọ oníbàárà náà. Ọdún tí ìgbéyàwó kan dàrú ní Ìtirẹ̀, nítorí pé télọ̀ ìyàwó sọ fún èèyàn mẹ́ta bí ìbàdí rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni wọ́n ṣe òfin náà. Ẹni tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, tó tún jà fitafita kí wọ́n tó gbà á wọlé, ni Ìdíátù.

Ó wo ṣọ́ọ̀bù náà yíká. Aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun kún ilẹ̀ dé orókún. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ló gbé yunifọ́ọ̀mù ọgọ́fà fún Fúnlọ́lá, iṣẹ́ tó tóbi jù láti ìgbà tó ti dá dúró, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Bí orí ẹ̀rọ yẹn bá lọ fún oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn, orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní sì bá a lọ. Fúnlọ́lá mọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú, bí ti ẹni tó ti sunkún parí kí àlejò tó dé. Síbẹ̀ òfin kẹsàn-án ló tún sọ nígbà tí Ìdíátù bi í lẹ́ẹ̀kejì, àti lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹlòmíràn ìbá ti fi ìdájọ́ síbẹ̀. Ẹ̀rọ dún, ó jẹ́wọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ń rìn ní orí Ìdíátù bí èèrà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán àkísà. Ó fi wọ́n ṣe etí síkẹ́ẹ̀tì: ìró náà gùn, ó sì tẹ́. Ó fi wọ́n ṣe apá búláòsì: ó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun òkè. Ó ṣe síìpù: ó ń dúró, ó ń dúró, kò padà sẹ́yìn. Abdulmuiz tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá bá a bi í pé kí ló ń rán. Ó ní òun ò rán nǹkan kan, òun ń tẹ́tí ni. Ọkùnrin náà gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó yá, ó mú ṣòkòtò Abdulmuiz kan tó ti gbó, ó tú ìdí rẹ̀, ó sì rán an padà. Ó sáré díẹ̀, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún sáré lórí ibi kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìdí má baà tún ya.

Ìdíátù ká ọwọ́ lẹ́rán. Fúnlọ́lá kì í rán ṣòkòtò ọkùnrin. Kò sì sí ẹni tó máa ń gbé ṣòkòtò tó ya lọ fún télọ̀ búláòsì láago mẹ́wàá àárọ̀, bí kò bá jẹ́ pé ó wà lára rẹ̀ nígbà tó ya, tí kò sì lè rìn ju ibẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan, nígbà náà, tó ń lọ síbì kan kíákíá. Ibo làwọn èèyàn ń sáré lọ ládùúgbò yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù?

Ó lọ gba àkọsílẹ̀ ìpàdé lọ́wọ́ Jude, akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọmọ Àgbádárìgì ni Jude, kóòtù ló ń rán, kò sì sí ohun tí kì í kọ. Bí eṣinṣin bá bà lórí tábìlì alága, ẹ máa bá a nínú àkọsílẹ̀, pẹ̀lú aago tó bà. Ìdíátù fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. "Alága dé ní aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀: gbogbo ilé dìde, alága jókòó. Alága ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àdúrà ìparí: gbogbo ilé dìde, alága jókòó. Alága ní kí àwọn èèyàn máa lọ, òun ń bọ̀."

Ìdíátù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ tutù, torí pé èèyàn mẹ́ta ló ń jókòó dá ẹjọ́: òun fúnra rẹ̀, Jude tó ń kọ̀wé, àti alága ẹgbẹ́, Alhaji Múrítàlá.

Múrítàlá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń tọ́jú àwọn opó ẹgbẹ́, ó sì ń rí i pé kò sí ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ lù. Ṣùgbọ́n ó ní ìwàásù kan tó máa ń ṣe ní gbogbo ìpàdé: pé aṣọ tó wà lára télọ̀ ni sáìnbọ́ọ̀dù rẹ̀, pé ẹni tó bá rí télọ̀ tí aṣọ rẹ̀ ya ti rí oníṣègùn tó ń wúkọ́. Ìdíátù rò ó. Ṣé torí ìwàásù ni bàbá ńlá yìí ṣe máa jókòó kí wọ́n gba orí ẹ̀rọ ọmọ ọlọ́mọ? Ṣòkòtò ti ya mọ́ ọba nídìí rí, ọba sì jẹ títí. Ó ṣe é ní kàyéfì.

Kò lọ bá a. Òfin ní kí àwọn mẹ́ta tó ń dájọ́ kọ́kọ́ dáhùn lórí ìwé bóyá ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n lọ́nà kankan, ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́. Jude kọ "Rárá," ó fi déètì àti aago sí i. Múrítàlá dá tirẹ̀ padà láìkọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ká a sí mẹ́rin, etí rẹ̀ bára mu bí hankaṣíìfù tí wọ́n lọ̀. Ìdíátù wò ó pé ẹni tó fẹ́ purọ́ ì bá ti kọ nǹkan. Ìyẹn fún un nírètí díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́, ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi kan tí ẹgbẹ́ yá nítorí pé àwọn ọmọ wà nílé. Àga àwọn ọmọdé ni wọ́n jókòó lé, eékún gbogbo wọn sì wà lẹ́bàá àgbọ̀n wọn. Àwòrán erin àti ọ̀pọ̀lọ́ wà lára ògiri lẹ́yìn àwọn adájọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí ogójì ló wá, nítorí ìdájọ́ òdodo, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí.

Àkàngbé sọ ohun tó gbọ́. Fúnlọ́lá dìde, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rán nǹkan, òun kò ní sọ ohun tí ó jẹ́. Ìkùnsínú gba ilé. Ẹnì kan ní kí wọ́n ṣáà ti lọ tú orí ẹ̀rọ kí oòrùn tó wọ̀. Ni Ìdíátù bá yọ fóònù rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Mi ò ní bi í ta ló ni aṣọ," ó wí. "Òfin kẹsàn-án ti dí i lẹ́nu, èmi ni mo sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò dí oníbàárà lẹ́nu. Ẹni tó ni ara ló ni àṣírí rẹ̀. Bí oníbàárà náà bá ń gbọ́ mi, mo fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé tí a ò gbọ́ nǹkan, Jude á mú síkúrú-dírafà."

Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Ó yà wọ́n lẹ́nu, torí pé wọn ò mọ oníbàárà tó lè wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Fúnlọ́lá ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kejì, ara Àkàngbé kò balẹ̀ mọ́. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ, kò sì dà bí ohun tó rò lọ́jọ́ tó mú bírò. Ó ní ṣé òun lè gba ìwé òun padà. Ìdíátù dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé ọ̀gá, ẹ ti fọwọ́ sí i. Ìṣẹ́jú kẹta lọ. Ìdíátù kò wo ẹnikẹ́ni. Erin ara ògiri ló ń wò, ó sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá òun ṣì í.

Ní ìṣẹ́jú kẹrin, àga kékeré kan dún ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Múrítàlá ti dìde, àga sì bá a dìde, torí ó ti há mọ́ ọn nídìí. Jude bá a yọ ọ́.

"Èmi ni," ó wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni, Alága?"

"Èmi ni mo ni aṣọ. Ṣòkòtò mi ni."

Ó sọ ọ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé bí ẹni ń ka Fátíà. Òun ń bọ̀ sípàdé, òun fò gọ́tà kọjá lẹ́bàá mọ́sáláṣí, ṣòkòtò náà sì ya láti iwájú dé ẹ̀yìn. Fúnlọ́lá ń ti ilẹ̀kùn lọ́wọ́, ó ń bọ̀ sípàdé bákan náà. Òun bẹ̀ ẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, òun lọ́ áńkárá oníbàárà kan mọ́dìí lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì fi òwú tó wà lórí ẹ̀rọ rán an, aláwọ̀ ewé, nítorí kò sí àyè láti pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òun kò fi dìde ṣàdúrà. Ó wo Fúnlọ́lá, ó ní kó máà bínú, òun rò pé wọ́n á kìlọ̀ fún un lásán ni, nígbà tí òun sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹnu òun ti wúwo.

Ìdíátù bi í bóyá ó yọ̀ǹda kí ẹ̀rọ náà dún.

"Mo bọ́ ọ, mo nà án sí i. Ìyọ̀ǹda wo ló tún kù?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Jude bèèrè bóyá kí òun kọ ìyẹn. Ìdíátù ní kó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó wá dìde, ó ní òfin kẹrìnlá sọ pé àyàfi bí alága bá yọ̀ǹda, alága ti yọ̀ǹda, Fúnlọ́lá kò rú òfin kankan, ó sì pa méjì mọ́ lẹ́ẹ̀kan. Orí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀. Fúnlọ́lá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Àkàngbé rìn lọ bá a.

"Ikọ́ ẹ̀rọ yẹn ti le sí i," ó wí. "Mú un wá lọ́la kí n wò ó láyà."

Ibi tó yẹ kí Ìdíátù pa ìwé dé nìyẹn. Gbogbo ọlọ́gbọ́n ènìyàn á ti pa á dé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ti ń yún un láti ọjọ́ tó ti ka àkọsílẹ̀ Jude, Ọlọ́run ò sì dá a mọ́ irú sùúrù yẹn.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, kò sí nínú ẹjọ́ o. Ogójì ọdún lẹ ti ń ránṣọ. Báwo ni ìdí ṣòkòtò tí ẹ̀yin fúnra yín rán ṣe máa ya nítorí gọ́tà kan?"

Múrítàlá wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà ju ìgbà tó jẹ́wọ́ lọ, Ìdíátù sì rí i nígbà náà pé kì í ṣe yíya ni bàbá yìí ti ń fi pamọ́ láti ìgbà yìí wá.

"Mi ò rán an," ó wí. "Mo rà á ni. Ní ọjà Tejúoṣó."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Òfin kìíní ẹgbẹ́, èyí tó wà lókè ìwé kí òfin kankan tó dé, ni pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ aṣọ rírà wá sípàdé. Ọkùnrin tó ní kí wọ́n lọ tú orí ẹ̀rọ kí oòrùn tó wọ̀ tún nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó ní ǹjẹ́ ìyẹn náà kọ́ ni ẹ̀sùn.

Ìdíátù ní ẹ̀sùn ni, ẹ̀sùn ńlá sì ni. Ó ní ìgbìmọ̀ òun kì í gbọ́ ohun tí kò bá wà lórí ìwé, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òun á bi í ní ìbéèrè bí òun ṣe ń ṣe. Ohun kan ṣoṣo ni òun máa fi kún un: kí olùfisùn wá nínú aṣọ tí télọ̀ rán láti orí dé ẹsẹ̀, ti òde àti ti abẹ́, òun á sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Àwọn ọkùnrin kan fa etí búbá wọn sísàlẹ̀ díẹ̀. Obìnrin kan tó wọ síwẹ́tà nínú oòrùn oṣù kẹjọ fi ọwọ́ ti lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wọnú ọrùn aṣọ.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, Ìdíátù ṣí ìwé àjákọ rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, ó kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn sókè, ó sì fi bírò tì í. Ó ń rán aṣọ ọmọdé, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Láti òdìkejì ọ̀nà, ẹ̀rọ Fúnlọ́lá ń dún láti àárọ̀, yunifọ́ọ̀mù lórí yunifọ́ọ̀mù, ikọ́ rẹ̀ sì ti fúyẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kọjá, wọ́n ń kí i láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń yára rìn. Ẹnikẹ́ni kò yà.